Kú Ìjókòó

Ẹgbẹ́ náà ò lò ju ọdún méjì lọ kó tó kú. Bí ẹ bá béèrè lọ́wọ́ àwọn ará Upper Marlboro, ìlú tí mò ń gbé ní Amẹ́ríkà, lónìí, ọ̀pọ̀ wọn ló máa ní àwọn ò mọ̀ pé irú ẹgbẹ́ béèsìbọ́ọ̀lù bẹ́ẹ̀ wà rí. Àmọ́ ilé mi ni ọ̀kan nínú àwọn agbábọ́ọ̀lù wọn gbé.

Ìwé kan ni wọ́n lẹ̀ mọ́ ògiri ní ọsibítù tí mo ti ń ṣe nọ́ọ̀sì, pé ẹgbẹ́ tuntun kan ń wá ilé tí àwọn ọmọ wọn máa gbé títí ìgbà ooru á fi parí. Kí ló kàn mí nínú igi àti bọ́ọ̀lù? Ìyá mi ni mo rò. Láti ìgbà tí a ti sin bàbá mi, tí mo sì mú un wá láti Ọ̀yọ́, orí àga kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé ló ń jókòó sí láti àárọ̀ dalẹ́. Obìnrin tó jẹ́ pé kó tó rìn dé òpin àdúgbò, ó ti kí ogún èèyàn! Níbí, inú ilé ni àwọn aládùúgbò ti ń wọ mọ́tò. Ilẹ̀kùn gáréèjì á ká sókè, á tún wálẹ̀, ó parí. Kò rí ẹni kí, ni kò bá sọ̀rọ̀ mọ́. Ẹ̀rù ń bà mí pé ìdákẹ́jẹ́ yẹn ló máa pa á.

Bí àlejò wa ṣe dé nìyẹn, òyìnbó gíga kan, ẹni ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n, tó ní ẹgbẹ́ yìí ni àǹfààní ìkẹyìn tí òun ní. Màmá sọjí! Tó bá ń jáde, "Kú ìmúra o." Tó bá wọlé, "Kú oòrùn." Mo kọ́ ọ kó máa dáhùn pé, "Ẹ ṣé, Ma."

Ọjọ́ tí mo mú Màmá lọ wo eré wọn, orí bẹ́ǹṣì ni àlejò wa wà títí wọ́n fi parí. Bá a ṣe délé, Màmá fi ẹ̀rín kí i: "Kú ìjókòó o!"

"Ẹ ṣé, Ma." Ó wá bi mí léèrè ìtumọ̀ rẹ̀, èmi náà sì sọ ọ́. Ojú rẹ̀ pọ́n.

"Haba, Màmá!" Inú ti bí mi. "Nínú eré wọn, ẹni tó bá jókòó, wọ́n ti fi ẹlòmíràn rọ́pò rẹ̀ ni."

"Ṣé kí n wá máa wò ó níran? Ẹni tó bá jókòó là ń kí ní kú ìjókòó."

Nígbà tí mo túmọ̀ ìyẹn, ọ̀gbẹ́ni náà bú sẹ́rìn-ín. Láti ọjọ́ náà ló ti di àwàdà láàárín wọn, torí ìjókòó ló pọ̀ jù nínú iṣẹ́ rẹ̀.

Ní ọdún kejì, ó padà wá, àmọ́ omi ti tẹ̀yìn wọ ìgbín lẹ́nu. Wọ́n ń lu ẹgbẹ́ náà bí ẹni lu bàrà. Òǹwòran ò kún ìlà àga méjì. Èmi tí n ò tíì mọ bí wọ́n ṣe ń mọ ẹni tó borí, mo bẹ̀rẹ̀ sí í gbàdúrà fún wọn nínú mọ́tò.

Àdúrà ò gbà. Láàárọ̀ ọjọ́ kan nínú oṣù Keje, ímeèlì dé pé ẹgbẹ́ ti túká. Ọ̀gbẹ́ni náà jókòó sídìí tábìlì ìdáná, fóònù lọ́wọ́ rẹ̀. Màmá tó ní ìkíni fún gbogbo nǹkan dúró, ó ń wá ọ̀rọ̀. Nígbà tó yá, ó ní, "Kú ará fẹ́ra kù." Mo fẹ́ sọ pé ẹni tó ṣòfò èèyàn là ń kí bẹ́ẹ̀. Mo wo ojú ọ̀gbẹ́ni náà, mo panu mọ́.

Nígbà tó gbé báàgì rẹ̀ sọ̀kalẹ̀, Màmá ti wà lórí àga rẹ̀. Ọ̀gbẹ́ni náà tẹrí ba fún un. "Kú ìjókòó, Ma." Kò fi "Ẹ" sí i, bí Màmá ṣe máa ń kí i ló ṣe gbọ́ ọ. Ká ní ọjọ́ mìíràn ni, ǹ bá ti tún un ṣe.

Ó pè lẹ́ẹ̀kan, ó ní òun ń bá wọn kan òrùlé. Koríko ti bo pápá wọn. Mo máa ń gba ibẹ̀ kọjá. Mo bẹ ìyá kan ní ṣọ́ọ̀ṣì kó máa wá bá Màmá ṣeré. Ó wá lẹ́ẹ̀mejì, ó sú u.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo ti ibi iṣẹ́ dé, mo kúnlẹ̀. "Ẹ kú ìjókòó, Ma."

Ó yíjú sí mi.

"Ta ni wọ́n wá fi rọ́pò mi?"