Wọ́n Ní Èmi Nìkan Ni Wọ́n Mú fún Ìlú Wúrà

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ẹ fara balẹ̀, kí n ròyìn ohun tó dé bá mi ní Onípanu. Èmi kì í sábà gbé ọ̀rọ̀ ara mi síta, ẹni tó bá mọ̀ mí mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ̀rù ọ̀rọ̀ yìí kò tíì kúrò lára mi.

Mo kàwé nípa àpáta àti ohun tó wà nínú ilẹ̀ ní yunifásítì. Iṣẹ́ tó bá a mu kò jáde, ni mo bá ń ya káàdì ìgbéyàwó àti ìwé ìpolówó lórí kọ̀ǹpútà ní ṣọ́ọ̀bù ìtẹ̀wé kan ní Ṣómólú. Ẹ̀yin tí ẹ mọ àdúgbò wa, ẹ mọ bó ṣe rí: ṣọ́ọ̀bù dojú kọ ṣọ́ọ̀bù, ariwo ẹ̀rọ kì í dákẹ́, kí kọ́sítọ́mà tó gbẹ́sẹ̀, wọ́n ti dì í lápá mú lọ́tùn-ún lósì.

Ní ọ̀ọ́kán wa, Káyọ̀dé ló ń ṣe irú iṣẹ́ tí mò ń ṣe. Òun náà kàwé jáde. A kì í kí ara wa. Bí kọ́sítọ́mà wa kan bá yà sọ́dọ̀ rẹ̀, á pariwo síta pé, "Àwọn kan mọ̀wé, wọn ò mọ kọ́sítọ́mà!" Èmi a máa dá a lóhùn nínú ikùn mi.

Ọkùnrin kan wá tẹ káàdì lọ́dọ̀ wa. Ó múra dáadáa, ó ń sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́. Ó ní Johannesburg lòun ń gbé, ìlú ńlá tí wọ́n tẹ̀ dó nítorí wúrà. Nígbà tó gbọ́ ohun tí mo kà, ó ní iléeṣẹ́ tí òun ń bá ṣiṣẹ́ ń wá ọ̀dọ́ kan tó mọ̀ nípa àpáta. Ẹnì kan péré! Àwọn tó ń dù ú sì pọ̀.

Mo bi í nípa ìwé ìwọ̀lú. Mo bi í nípa ibi tí màá gbé, àti orúkọ ibi ìwakùsà náà. Kò dáhùn èyíkéyìí délẹ̀. Ohun kan náà ló ń sọ ní gbogbo ìgbà: pé ẹlòmíràn wà tí ìbéèrè tirẹ̀ kò pọ̀ tó báyìí, ẹni náà kò sì jìnnà sí ṣọ́ọ̀bù wa. Mo wo ọ̀ọ́kán. N kò bèèrè nǹkan kan mọ́.

Ṣé ẹ rí nǹkan tí ìdíje ń ṣe? Kì í jẹ́ kéèyàn wo ohun tó ń sáré lé. Ẹni tó ń bá a sáré nìkan ló máa ń wò.

Ọkùnrin náà ní kí n wá fún ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò nínú ilé kan ní Palmgrove. Ó bi mí bóyá ibi tó há, tó sì ṣókùnkùn, máa ń bà mí lẹ́rù. Mo ní rárá. Ó bi mí bí mo ṣe wúwo tó. Ó ní kí n yí padà, ó wo fífẹ̀ èjìká mi. Lẹ́yìn náà ló wá bèèrè, bí ẹni ń tọrọ omi mímu, pé bí n kò bá pe ilé fún oṣù mélòó kan, ta ni yóò máa wá mi?

Mo ronú nípa ìyá mi ní Ìsẹ́yìn. Mo ronú nípa Àǹtí mi tí mò ń gbé lọ́dọ̀ wọn ní Ladi-Lak, ní Bàrígà, tí wọn kì í lè sùn bí n kò bá tíì wọlé. Ẹ gbọ́ ohun tí mo sọ: "Kò sẹ́ni tó máa wá mi, sà." Mo rò pé ìdáhùn tó máa gbé mi wọlé nìyẹn. Ẹ̀rù ń bà mí kí Káyọ̀dé má lọ jẹ́ aláìlẹ́nìkan jù mí lọ!

Ó rẹ́rìn-ín músẹ́. Ó gba pásípọ́ọ̀tù mi, ó ní èmi nìkan ni wọ́n mú. Ó wá kìlọ̀ pé kí n má sọ fún ẹnikẹ́ni, pé ayé le.

Ta ló nílò kí wọ́n kọ́ òun nìyẹn? Láti kékeré la ti mọ̀ ọ́n: bí o bá ń lọ sókè òkun, pa ẹnu mọ́. Ìgbà tí o bá gúnlẹ̀ tán ni kí ẹbí ṣẹ̀ṣẹ̀ máa rí fọ́tò. Nígbà tí Àǹtí mi rí i pé mò ń ká aṣọ, mo ní Ìbàdàn ni mò ń lọ. Wọ́n wò mí títí. Wọ́n ní, "Ó dáa. O kúkú lẹ́nu. Ọjọ́ tó bá wù ẹ́, wàá fi sọ̀rọ̀."

Láàárọ̀ ọjọ́ tí a fẹ́ lọ, mo dúró ní Onípanu pẹ̀lú báàgì mi. Ọkùnrin náà ní a máa gba bọ́dà kọjá sí Kùtọnu ká tó wọ bàálù. Ta ni mo rí lẹ́bàá òpó iná? Káyọ̀dé! Báàgì wà léjìká tirẹ̀ náà.

"Kí lo wá ṣe níbí?" Ohun tó kọ́kọ́ bọ́ lẹ́nu mi nìyẹn.

"Kí ló kàn ẹ́? Bàbá ẹ ló ni títì ni?"

"O ti gbọ́, o wá gba àyè mi."

Ó bú sẹ́rìn-ín. "Àyè ta? Ọ̀gbẹ́ni, èmi nìkan ni wọ́n mú! Padà lọ máa ya káàdì ìgbéyàwó ẹ."

Èmi nìkan kẹ̀? Mo bi í bóyá ọkùnrin náà sọ fún un pé ẹnì kan wà nítòsí tí kì í bèèrè ìbéèrè púpọ̀. Ẹ̀rín kúrò lójú rẹ̀. Mo wá bi í pé, nígbà tí wọ́n bèèrè ẹni tó máa wá a, kí ló sọ?

Ó wolẹ̀. "Mo ní kò sí. Mo ní bàbá mi ti kú."

Bàbá rẹ̀ kò kú o! Bàbá rẹ̀ ló ń jókòó síwájú ṣọ́ọ̀bù wọn lójoojúmọ́, tó ń bá àwọn tó ń kọjá jiyàn bọ́ọ̀lù.

Níbẹ̀ ni ohun tí mo kà wá sọ sí mi lọ́kàn. Àwọn ihò ìwakùsà àtijọ́ wà káàkiri Johannesburg, tí àwọn iléeṣẹ́ ti pa tì. Àwọn kan ń sọ̀ kalẹ̀ sínú wọn láti ṣa ìyókù wúrà, wọ́n ń gbé inú òkùnkùn fún ọ̀pọ̀ oṣù. A gbọ́ pé kì í ṣe gbogbo wọn ló fínnúfíndọ̀ lọ. Ibi tó há. Èjìká. Ta ni yóò wá ọ? Ṣé onímọ̀ àpáta ni wọ́n ń wá, àbí ẹni tí ihò náà máa gbà?

N kò tíì sọ ọ́ tán fún Káyọ̀dé tí bọ́ọ̀sì kan tí gíláàsì rẹ̀ dúdú fi dúró níwájú wa. Ọkùnrin náà ṣí ilẹ̀kùn. Ó ní oríire ni, àyè kan ló tún ṣí, kí àwa méjèèjì tètè wọlé. Àwọn ọ̀dọ́ mìíràn ti wà nínú rẹ̀. Wọn kò kí ara wọn. Kálukú gbá báàgì rẹ̀ mọ́ra.

Ẹ má bínú, òótọ́ ni mo fẹ́ sọ: pẹ̀lú gbogbo rẹ̀, ẹsẹ̀ mi ṣì ń fà wọlé. Bí mo bá padà sílé, tí Káyọ̀dé lọ, tó sì là ńkọ́? Mo rí i lójú rẹ̀ pé ohun tí òun náà ń rò nìyẹn. Kò sẹ́ni tó fẹ́ kọ́kọ́ yí padà nínú wa.

Lójijì ni Káyọ̀dé gbá mi lápá mú, kò sì fi mí sílẹ̀. Ó kígbe sínú bọ́ọ̀sì: "Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà níbẹ̀, ta ni wọ́n sọ fún pé òun nìkan ni wọ́n mú?"

Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í wo ojú ara wọn. Ọ̀kan gbé báàgì rẹ̀, ó fò sílẹ̀, ó sá lọ láìwẹ̀yìn. Ọkùnrin náà kò rẹ́rìn-ín mọ́. Ó ní kò burú, pé òun mọ ibi tí a ti ń ṣiṣẹ́, pásípọ́ọ̀tù wa sì wà lọ́wọ́ òun.

Ìgbà náà ni ọmọkùnrin kan tó ní èjí nawọ́ láti inú bọ́ọ̀sì sí ilẹ̀kùn. Inú rẹ̀ ń dùn! Ó ní, "Ẹ ṣé o, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n. Ẹ ti jẹ́ ká ráyè." Òun fúnra rẹ̀ ló fa ilẹ̀kùn náà dé, bọ́ọ̀sì sì gbéra lọ.

A lọ sọ ní àgọ́ ọlọ́pàá. Wọ́n bèèrè nọ́ńbà bọ́ọ̀sì, àwa méjèèjì kò wò ó. Wọ́n bèèrè orúkọ àwọn tó wà nínú rẹ̀, a ò mọ̀ ọ́n. Mo padà sílé, mo jẹ́wọ́ fún Àǹtí mi. Mo rò pé wọ́n máa bú mi. Ohun tí wọ́n bi mí ni pé, "Ọmọkùnrin tó ti ilẹ̀kùn yẹn, ọmọ ta ni?"

N kò ní ẹ̀rí tó dájú pé ihò ni wọ́n ń kó wọn lọ. Mo ti rò ó síwá sẹ́yìn, n kò lè búra. Ṣùgbọ́n bí ẹni tó múra dáadáa bá yà sí ṣọ́ọ̀bù wa báyìí, mo máa ń bi í ní orúkọ àti ibi tó ti wá kí n tó fọwọ́ kan kọ̀ǹpútà. Èmi àti Káyọ̀dé la jọ ń rìn lọ sílé. Kì í ṣe ìfẹ́ o, ẹ̀rù ni.

Ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ kò pọ̀: ẹni tó bá ní kí o fi ìrìn àjò rẹ pamọ́ fún àwọn tó máa wá ọ, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé kò fẹ́ kí wọ́n wá ọ ni. Ẹ sọ fún ẹnì kan, ó kéré tán.

Ẹ̀yin náà ńkọ́? Ṣé wọ́n ti sọ fún yín rí pé ẹ̀yin nìkan ni wọ́n mú? Ẹ kọ ọ́ sísàlẹ̀ níbí, kí àwọn ẹlòmíràn lè kà á. Bí ẹ bá sì ní àbúrò tàbí ọ̀rẹ́ kan tó ní èjí, tó ní ìlú kan nítòsí lòun ń lọ, tí ẹ kò gbúròó rẹ̀ mọ́ láti ìgbà náà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ orúkọ rẹ̀ fún wa.