Ẹyin Tí Màmá Fọ̀

Ìgbàkígbà tí mo bá ń se ẹyin fún àwọn ọmọ mi, tí ẹyin bẹ̀rẹ̀ sí í kan ara wọn nínú omi, ẹ̀yìnkùlé màmá bàbá mi ní Ọ̀kà ni ọkàn mi máa ń lọ.

Adìẹ Màmá ga, àyà wọn fẹ̀. Títí dé Ìkàrẹ́, kò sẹ́ni tó ní irú wọn. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, opó kékeré kan pọnmọ wá láti Ìfira, ó kúnlẹ̀.

“Màmá, ẹ ṣàánú mi. Adìẹ kan tí mo ní fẹ́ sàba. Ẹ fún mi ní ẹyin tiyín kí n fi sábẹ́ ẹ̀.”

“Ṣé ó yẹ kí n sọ pé rárá ni, ìyàwó?”

Màmá ṣa ẹyin tó tóbi, ó kó wọn wọ ilé ìdáná, ó rọra tò wọ́n sínú omi tó ń hó lórí iná. Kò pẹ́ tó fi kó wọn jáde, tó ń fi etí ìró rẹ̀ nù wọ́n sínú igbá.

“Màmá, ṣé ẹ fẹ́ sè é ni?” Èmi tí mo tẹ̀ lé e wọlé ni mo bi í bẹ́ẹ̀.

“Mo ń fọ̀ ọ́ ni. A kì í fún àlejò ní ẹyin tó dọ̀tí.”

Èmi ni mo gbé igbá náà jáde. Opó náà fọwọ́ kan ẹyin, ó rẹ́rìn-ín. “Ó ṣì lọ́wọ́ọ́wọ́, bí ẹni pé abẹ́ adìẹ ni wọ́n ti ṣẹ̀ṣẹ̀ kó o.” Ó fi gèlè rẹ̀ dì wọ́n mọ́ ikùn kí wọ́n má baà tutù.

Mo ti dàgbà kí n tó mọ̀ pé ẹyin tí omi gbígbóná bá ti bà kì í di òròmọdìẹ mọ́.

Màmá sìn ín dé ojúde. “Rọra máa rìn o, ìyàwó, kí ọ̀kankan má fọ́.”

Ó sì rọra ń rìn lóòótọ́, ó ń wo ilẹ̀ kó tó gbé ẹsẹ̀, títí a ò fi rí i mọ́.