Agolo Fíìmù Ìyá Bàbá Mi

Òórùn kíkan kan ló jí mi ní àárọ̀ Sátidé ọjọ́ náà, bí omi ògì tí wọ́n gbàgbé sínú ìkòkò fún ọ̀sẹ̀ kan. Mo rò pé ilé ìdáná ló ti ń wá, àfi ìgbà tí mo dé pálọ̀ tí mo bá bàbá mi lórí ìkúnlẹ̀, tó ń fi aṣọ funfun nu agolo pẹlẹbẹ kan. Màmá mi ti fi aṣọ bẹ́ẹ̀dì dí fèrèsé, kí ilé lè ṣókùnkùn ní ojúmọmọ. Ní ìta, àwọn ọmọ ojúlé kejì ń gbá bọ́ọ̀lù níwájú ilé wa ní Fẹ́sítáàkì.

Kí wọ́n tó bí mi, iṣẹ́ sinimá ni bàbá mi ń ṣe fún ìjọba. Wọ́n máa ń gbé ẹ̀rọ sínú mọ́tò lọ sí abúlé, wọ́n á ta aṣọ funfun sáàárín ìgboro, wọ́n á fi fíìmù abẹ́rẹ́ àjẹsára han àwọn ará ibẹ̀. Nígbà tí iṣẹ́ náà parí, wọ́n jẹ́ kó gbé ẹ̀rọ kan tó ti gbó lọ sílé, pẹ̀lú agolo fíìmù mẹ́ta.

Ìyá bàbá mi wà nínú ọ̀kan. Ọjọ́ tí wọ́n gba kọ́kọ́rọ́ fúláàtì wa ni bàbá mi yà á. Màmá àgbà ń gun àtẹ̀gùn, ó dúró, ó yíjú padà, ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ bo ẹnu, ó ń rẹ́rìn-ín. Kò ju ìṣẹ́jú mẹ́ta lọ, kò sì sí ohùn níbẹ̀. Oṣù méjì lẹ́yìn tí màmá kú ni wọ́n bí mi, wọ́n sì sọ mí ní Yétúndé. Bí mo bá fẹ́ rí ẹni tí wọ́n ní ó padà wá yìí, inú agolo yẹn nìkan ni mo ti lè rí i.

Bàbá mi kì í fọkàn tán ènìyàn. Bí a bá dárúkọ ẹnikẹ́ni fún un, ìbéèrè rẹ̀ kò ju ẹyọ kan lọ: "Ṣé ẹ mọ ilé ẹ̀?" Ìdí nìyí tí ẹnu fi yà mí nígbà tó gbà kí Bọ̀dá Délé wọlé wa. Bọ̀dá Délé ló ń bójú tó àwòrán ní ṣọ́ọ̀ṣì wa ní Amúwo. Ó ra prójẹ́kítọ̀ tòkunbọ̀ kan ní Trade Fair, irú èyí tí wọ́n ń so mọ́ kọ̀ǹpútà, ó sì fẹ́ gbé e ti ẹ̀rọ bàbá mi, kí méjèèjì lè jọ máa fi àwòrán hàn lára ògiri kan náà.

"Òórùn yẹn, sà, fíìmù ló ń bàjẹ́," ló wí. "Ẹ jẹ́ kí n ṣe ẹ̀dà rẹ̀ sínú kọ̀ǹpútà."

"Ẹ̀dà?" ni bàbá mi dáhùn. "Kí lo fẹ́ fi ẹ̀dà ìyá mi ṣe?"

Ó gbà pé kí ẹ̀rọ méjèèjì jọ ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n kò gbà kí ẹnikẹ́ni ṣe ẹ̀dà. Ó pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. "Yétúndé, jókòó ti agolo màmá. Má dìde."

Ọmọ ọdún mẹ́wàá ni mí nígbà náà, mo sì gba iṣẹ́ náà tọkàntọkàn. Ní gbogbo Sátidé tí Bọ̀dá Délé bá wá, ojú mi kì í kúrò lára rẹ̀. Mo rí i pé ó máa ń wo orí pẹpẹ tí agolo wà. Mo rí i tí òun àti màmá mi ń sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́ nílé ìdáná, tí wọ́n dákẹ́ bí mo ṣe yọjú. Ní Sátidé kẹta, fíìmù abúlé nìkan ni bàbá mi gbé jáde. Bí Bọ̀dá Délé ṣe ń wọ bàtà lẹ́nu ọ̀nà, mo gbé agolo màmá láti gbá a mọ́ra. Ó fúyẹ́. Mo ṣí i, kò sí nǹkan kan nínú rẹ̀.

Mo já báàgì gbà lọ́wọ́ rẹ̀, mo ṣí i láìtọrọ àyè. Fíìmù náà wà níbẹ̀, wọ́n fi gèlè wé e.

"Olè! Dádì, olè!"

Àwọn aládùúgbò jáde sórí àtẹ̀gùn. Màmá mi ló sáré jáde, ọwọ́ rẹ̀ kún fún fóòmù ọṣẹ. "Ẹ fi í sílẹ̀! Èmi ni mo gbé e fún un ní Sátidé tó kọjá. Ó ti ṣe ẹ̀dà rẹ̀ tán, ó gbé e padà wá ni, kò kàn tíì ráyè fi lé mi lọ́wọ́ ni."

Odidi ọ̀sẹ̀ kan ni mo ti ń ṣọ́ agolo òfìfo.

Bàbá mi gba fíìmù náà, ó ní kí Bọ̀dá Délé gbé ẹ̀rọ rẹ̀ máa lọ. Ọkàn rẹ̀ kò sì balẹ̀. Bóyá wọ́n ti pààrọ̀ rẹ̀, ló ń wí. Ló bá gbé e sínú ẹ̀rọ lójú ẹsẹ̀ kó lè dá a lójú. Màmá àgbà gun àtẹ̀gùn, ó yíjú padà, ó sì dúró síbẹ̀. Fíìmù náà ti há sínú ẹ̀rọ, iná rẹ̀ sì ń jó o. Kí bàbá mi tó rí ibi pa iná, àmì pupa rúsúrúsú kan yọ níwájú orí màmá lára ògiri, ó gbilẹ̀, ó gba gbogbo ojú rẹ̀, ògiri sì funfun.

N kò tíì gbọ́ irú ohùn tó jáde lẹ́nu bàbá mi rí.

Lọ́jọ́ kejì, a lọ sí Alákijà, à ń béèrè lọ́wọ́ àwọn ènìyàn lójú ọ̀nà títí a fi rí ilé Bọ̀dá Délé. Bàbá mi ṣí fìlà rẹ̀. Èmi kúnlẹ̀. "Bọ̀dá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú."

"Dìde," ló wí. "Ṣé èyí tó kù lára fíìmù náà ṣì wà lọ́wọ́ yín?"

Ní Sátidé tó tẹ̀lé e, ó gbé ẹ̀rọ méjèèjì kalẹ̀. Ti bàbá mi bẹ̀rẹ̀, ó ń dún kẹ́kẹ́kẹ́, títí màmá fi dé orí àtẹ̀gùn. Níbi tó ti jó, Bọ̀dá Délé fi prójẹ́kítọ̀ tirẹ̀ gbé ẹ̀dà náà jáde, màmá sì yíjú padà, ó rẹ́rìn-ín, lójú kan náà lára ògiri. Lẹ́yìn náà ni ti bàbá mi tún gbà á. Màmá mi ń sunkún. Bàbá mi fẹnu sí etí mi: "Ẹ̀dà mélòó ló ṣe gan-an?"

Bọ̀dá Délé ṣì ń wá sílé wa fún bí ọdún méjì sí i. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà, kò jáde rí láìkọ́kọ́ lóṣòó níwájú mi, kó sì ṣí báàgì rẹ̀ sílẹ̀ gbayawu. Ó máa ń rẹ́rìn-ín bó bá ń ṣe é. Ìgbà gbogbo ni mo sì ń yọjú wo inú rẹ̀, mo tilẹ̀ ń fọwọ́ tú u.

Mo ti lé ní ọgbọ̀n ọdún báyìí. Mo fẹ́ sọ pé bó bá ṣí i fún mi lónìí, n kò ní wò ó. N kò lè búra.