Orí Ìyá Àgbà Mi Lára Ògiri

Ìyá àgbà mi wo orí ara rẹ̀ tó ń yí lára ògiri, ó wò ó títí, ó sì bi mí pé, "Ta nìyẹn?"

Mo kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Aláwàdà ni, mo rò pé eré ló ń bá mi ṣe. Mo ní òun ni. Kò rẹ́rìn-ín padà. Ó tún béèrè lẹ́ẹ̀kejì, ohùn rẹ̀ sì ti yí, bó ṣe máa ń rí tó bá ń bá àlejò tí kò mọ̀ sọ̀rọ̀. Ìgbà yẹn ni mo mọ̀ pé kì í ṣe eré.

Ó ku ọjọ́ mẹ́ta kí n lọ gbèjà iṣẹ́ ìwádìí mi ní yunifásítì, ohun tí gbogbo wa níbí ń pè ní soutenance. Ẹ̀kọ́ màsítà ni mò ń ṣe, lórí bí a ṣe ń fi kọ̀ǹpútà ya àwòrán téèyàn lè yí sọ́tùn-ún, yí sósì, bí ohun tó wà lọ́wọ́ ẹni. Goro ni ilé wa, nínú àwọn oko Tchaourou. Àṣà ilé wa ni pé ohun tí o bá fẹ́ lọ sọ níta, inú ilé lo ti máa kọ́kọ́ sọ ọ́, kí àwọn àgbà lè bá ọ tún un ṣe. Bàbá mi ṣe bẹ́ẹ̀ kó tó lọ tọrọ ìyá mi. Tonton mi, àbúrò bàbá mi, ṣe bẹ́ẹ̀ kó tó du ipò olórí ẹgbẹ́ àwọn àgbẹ̀ òwú, ó sì wọlé. Nítorí náà, lẹ́yìn ìrun àsárì, mo ti fèrèsé pálọ̀ pa, mo gbé ẹ̀rọ tó ń tan àwòrán sára ògiri, tí mo yá lọ́wọ́ ọ̀rẹ́ mi, sórí àga, mo sì tan orí ìyá àgbà mi sára ògiri funfun.

Orí yẹn ni gbogbo iṣẹ́ mi dá lé. Nígbà tí wọ́n ń wa iṣu ni mo ya àwọn fọ́tò rẹ̀, ó lé ní ọgọ́rùn-ún. Ó jókòó sórí àpótí láàárín àgbàlá láìmira, èmi ń yí i ká bí adìẹ tó ń wá ibi tí yóò yé sí. Kó tó gbà, ó fi ohun kan dè mí: "Má fi kún un, má yọ nínú rẹ̀." Mo búra fún un. Torí ìbúra yẹn nìkan ló ṣe gbà kí n gbé ojú òun lọ síwájú àwọn tí òun ò mọ̀.

Bí iṣẹ́ náà ṣe rí nìyí. Kọ̀ǹpútà á kó àwọn fọ́tò jọ, á sọ wọ́n di àìmọye àmì kéékèèké, á wá so àwọn àmì náà pọ̀ di awọ ojú. Awọ àkọ́kọ́ yẹn kì í dáa, ó máa ń rí gbágungbàgun bí ọ̀nà Alafiarou lẹ́yìn òjò. Ètò kọ̀ǹpútà kan wà tí olùkọ́ mi ṣe, tó fi ojú ọ̀pọ̀lọpọ̀ èèyàn ilẹ̀ òkèèrè kọ́ lẹ́kọ̀ọ́. Ètò náà ni yóò nu ìdọ̀tí kúrò kí ojú náà lè jọ̀lọ̀.

Bàbá mi, tó jókòó ti ìyá rẹ̀ ní pálọ̀, ló sọ ọ́ jẹ́jẹ́ pé kí n wo ẹ̀rẹ̀kẹ́ orí tó wà lára ògiri.

Mo wò ó. Ìyá àgbà mi ní ilà mẹ́ta mẹ́ta lẹ́rẹ̀kẹ́ méjèèjì, èyí tí mo máa ń fi ìka tọ̀ ní kékeré nígbà tí mo bá wà lórí itan rẹ̀. Kò sí ẹyọ kan lára ògiri. Nínú gbogbo ojú tí ètò yẹn ti rí, kò sí èyí tó kọlà. Ó rí ilà, ó pè é ní ìdọ̀tí, ó nù ún dànù. Ti ẹ̀rọ kọ́ ló dùn mí, ẹ̀rọ ò gbé Goro rí. Èmi ńkọ́? Oṣù mẹ́ta gbáko ni mo fi ń wo orí yẹn láràárọ̀. Mo wọn imú, mo wọn etí, mo bá bí ìmọ́lẹ̀ ṣe ń bọ́ sábẹ́ àgbọ̀n rẹ̀ jà, mo sì ń yan kiri pé àṣìṣe mi kéré ju ti gbogbo ẹgbẹ́ mi lọ. N ò rí i.

Tonton mi gbìyànjú láti fi ẹ̀rín bò ó. Ó ní ẹ̀rọ ti sọ ìyá òun di jeune fille, ọmọge, ṣé ìyẹn wá burú ni. Ìyá àgbà dìde, ó wọ yàrá rẹ̀ lọ.

Mo tẹ̀lé e, mo kúnlẹ̀. Ó jẹ́ kí n bẹ̀bẹ̀ tán.

"Olóólà ló gé e," ó ní, "ṣùgbọ́n ìyá mi ló di orí mi mú sáàárín orúnkún rẹ̀. Mi ò rántí ojú rẹ̀. Ọjọ́ yẹn nìkan ni mo rántí nípa rẹ̀."

N ò gbọ́ ọ rí láyé mi. Ó ní n kò gbọdọ̀ gbé orí yẹn lọ síbì kankan.

Láìsí orí yẹn, kò sí soutenance. Kí n má parọ́, ó wá sí mi lọ́kàn pé kí n fi ọwọ́ fa ilà mẹ́fà sí i, kí n gbé e lọ. Ṣùgbọ́n ìyẹn náà, fífi kún un ni. Mo bọ́ síta, mo rìn dé ẹ̀bá títì níbi tí réṣò fóònù ti dáa, mo pe olùkọ́ mi. Inú ń bí mi. Wọ́n ní àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀ ni àgbà yìí ń wo orí náà tó ń yìn mí, bẹ́ẹ̀ ọmọ Ṣábẹ̀ lòun náà, ilà tó wà lójú tirẹ̀ jìn ju ti ìyá àgbà mi lọ.

Mo ròyìn ohun tó ṣẹlẹ̀. Mo rò pé yóò ní kí n kọ ìlà kan nípa rẹ̀ sí ìparí ìwé mi, kí n máa bá tèmi lọ. Ó ní kí n dúró, mo sì ń gbọ́ bó ṣe ń tẹ kọ̀ǹpútà rẹ̀. Mo mọ ohun tó ń wá. Àwòrán orí ara rẹ̀ kan wà tó fi ètò kan náà ṣe, èyí ló fi ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tuntun lọ́dọọdún. Àwa náà ti yí orí yẹn títí ní kíláàsì àkọ́kọ́, òun fúnra rẹ̀ dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri.

"Tèmi náà ò sí níbẹ̀," ó ní.

Òun fúnra rẹ̀ ló sún ọjọ́ soutenance mi síwájú, kò sì dá ọjọ́ mìíràn. Mo padà lọ sọ fún ìyá àgbà. Ó bi mí pé ọdún mélòó ni olùkọ́ náà ti ń wo ojú ara rẹ̀ bẹ́ẹ̀. Mo ní ó tó mẹ́sàn-án.

"Ìwọ oṣù mẹ́ta, òun ọdún mẹ́sàn-án," ó ní. "Ẹ lọ tún un ṣe, kí n tó kú."