Aṣọ Ẹtù Màmá Ṣakí

Ọjọ́ Ajé ni fóònù dún. Tabitha jókòó sídìí ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ kejì, èyí tó rà nígbà tí èkíní ò tíì bàjẹ́ rárá, ó ń to àjákù àǹkárá ní àwọ̀ ní àwọ̀, inú rẹ̀ sì ń dùn. Ìyá ọkọ rẹ̀ ló pè láti Ṣakí. Màmá kì í kí ènìyàn ní kíkí kúkúrú. Ó kí iṣẹ́, ó kí ilé, ó kí òjò, ó kí iná ìjọba tí kò sí, kó tó wá sọ ìdí tó fi pè.

"Ìyá Ayọ̀, mo ń bọ̀ lọ́jọ́bọ̀. Ọjọ́ Ẹtì ni dókítà fẹ́ wo ìbàdí mi ní ilé ìwòsàn Igbóbì. Wọ́n ní ó ṣeé ṣe kí wọ́n là á."

"Ọlọ́run á ṣọ́ yín, Màmá."

"Àmín. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ń rìnrìn àjò a máa di ẹrù rẹ̀ sílẹ̀. Bá mi gbé aṣọ mi síta. Mo fẹ́ fi ojú mi rí i kí n tó wọ yàrá àwọn dókítà."

"Ó ti dáa, Màmá," ni Tabitha wí. Ìgbà tó gbé fóònù sílẹ̀ ló tó bi ara rẹ̀ léèrè pé, ibo gan-an ni aṣọ yẹn wà?

Ẹ jẹ́ kí n sọ irú aṣọ tó jẹ́, kí ẹ má baà rò pé ọ̀rọ̀ ìró lásán là ń sọ. Ẹtù ni, aṣọ òfì aláró tó dúdú dáadáa, tí funfun tín-ín-tín-ín ń yọ lára rẹ̀. Ọkọ Màmá ló fọwọ́ ara rẹ̀ hun ún lọ́dún tó gbé e níyàwó. Abala tẹ́ẹ́rẹ́ méjìlá ni, tí wọ́n fi abẹ́rẹ́ so pọ̀ di odindi, Bàbá sì fa fọ́nrán òwú pupa kan sí etí abala kọ̀ọ̀kan kí ẹnikẹ́ni má baà pè é ní tirẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mẹta péré ni Màmá ró o. Nígbà tí Bàbá kú, ó ká a, ó ní ọjọ́ tí òun bá ń tẹ̀ lé e lọ, aṣọ yìí ni kí wọ́n fi wé òkú òun. Kò sí ọmọ tó bí tí kò mọ̀. Àwọn àgbà máa ń tọ́jú aṣọ ìkẹyìn wọn bẹ́ẹ̀, wọn kì í fi bò. Lọ́dún márùn-ún sẹ́yìn ni ikán wọ àpótí Màmá, tó jẹ gèlè mẹ́ta, ni Màmá bá gbé ẹtù náà wá fún Tabitha ní Bàrígà. Ó ní, "Ìwọ lo mọ aṣọ í tọ́jú."

Hẹn, ó mọ̀ ọ́n tọ́jú! Ẹ wá wo ilé rẹ̀ ní Ladi-Lak, ní Bàrígà yẹn. Ilé ìtẹ̀wé kan ní Bajulaiye ni Tabitha ti ń ṣiṣẹ́, òun ló ń ká ìwé tó sì ń dì í, ṣùgbọ́n bó bá ti délé, àjákù aṣọ ló kù. Orí fóònù ló ti rí àwọn obìnrin òkè òkun kan tí wọ́n ń gé aṣọ sí wẹ́wẹ́, tí wọ́n tún ń rán wẹ́wẹ́ náà pọ̀ di kúbùsù. Àkànbí ọkọ rẹ̀ wò ó títí, ó ní, "Wọ́n gé ohun tó wà lódindi, wọ́n tún ń wá bí yóò ṣe padà di odindi. Ṣé wọn ò níṣẹ́ ni?" Ìfẹ́ àjákù ti wọ Tabitha lára.

Kò sí télọ̀ kan ládùúgbò tí kì í pa àjákù mọ́ fún un. Àpò aṣọ wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ó wà lórí kọ́bọ́ọ̀dù, ó wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn, ó sì ti gba gbogbo yàrá Ayọ̀kúnnúmi ọmọ wọn tó lọ sílé ọkọ. Ká má tíì sọ ti irinṣẹ́. Àlùmọ́gàjí méje ló ní, ó sì lè búra pé méjì nínú wọn ò jọra. Ó ní rúlà oníke, ó ní rọ́bà aláwọ̀ ewé tó ń tẹ́ sábẹ́ aṣọ bó bá ń gé e, ó ní mágnẹ́ẹ̀tì tó ń ṣa abẹ́rẹ́ nílẹ̀, ó ní áyọ́ọ̀nù kan tí kò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ. Nínú oṣù kejì ọdún yìí ló wá ra èyí tó pa gbogbo wọn: abẹ roboto kan tó lọ́wọ́ bíi ṣíbí, tó ń yí bí táyà. Ó fi gé aṣọ ìpele mẹ́jọ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ó sì pariwo nínú yàrá bí ẹni tí wọ́n bí ọmọ fún. Odindi ọ̀sẹ̀ kan ló fi ń gé aṣọ. Ohun tí ọwọ́ rẹ̀ bá ṣáà ti bà, ó di gígé.

Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ó ránṣẹ́ sí ibi iṣẹ́ pé ara òun ò yá. Ó tú àpò kan, ó tú kejì, ó tú kẹwàá. Ó rí aṣọ tó ti gbàgbé pé òun rà. Ó rí lésì ìdì mẹ́ta tí kò tíì yọ kúrò nínú ọ̀rá. Ìgbà tó dé ìsàlẹ̀ àpò kẹrìnlá ló rí àpò ìrọ̀rí funfun tí Màmá di ẹtù sí nígbà náà, ó ṣófo, àbàwọ́n omi sì wà létí rẹ̀.

Ibẹ̀ ni gbogbo rẹ̀ ti padà sí i lọ́kàn. Lákòókò òjò èṣí tí omi wọlé, ó sáré kó aṣọ kúrò nílẹ̀. Ó yọ ẹtù nínú àpò tó ti rin, ó sá a títí tó fi gbẹ, ó sì fi sínú àpò míì fún ìgbà díẹ̀. Ìgbà díẹ̀ o! Àpò tó fi í sí ni èyí tó kó ògbólógbòó aṣọ òfì sí, àwọn tó rà lọ́wọ́ ọkùnrin kan tó ń ta àlòkù. Nígbà tí abẹ tuntun dé, àpò yẹn ló kọ́kọ́ dà sílẹ̀. Ó tú abala kúrò lára abala, ó sì gé wọn.

Tabitha dìde, ó lọ síbi ògiri tó fi kúbùsù tó ń rán lọ́wọ́ kọ́ sí. Igun mẹ́rin mẹ́rin ni, pupa, àwọ̀ ewé, dúdú. Ó fà á súnmọ́ ojú fèrèsé. Létí dúdú kọ̀ọ̀kan, fọ́nrán òwú pupa kan wà níbẹ̀.

"Yéè! Mo kú o." Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ láàárín aṣọ. Omi ti tẹ̀yìn wọ ìgbín lẹ́nu.

Ìyá Wonder ló wọlé bá a níbẹ̀. Sabina ni orúkọ rẹ̀, ará Ìlàjẹ ni, ẹja yíyan ló ń tà létí ọ̀sà, ọ̀rẹ́ Tabitha sì ni láti ọjọ́ pípẹ́. Tabitha ò lè fi ọ̀rọ̀ náà pa mọ́. Sabina gbọ́ ọ tán, ó ju ọwọ́ méjèèjì sórí.

"Aṣọ òkú ìyá ọkọ! Ìyá Ayọ̀, nínú gbogbo aṣọ tó wà l'Ékòó, kò sí èyí tó o máa gé àfi ìyẹn?"

"Sabina, mo bẹ̀ ọ́, má bú mi. Gbà mí nímọ̀ràn."

"Ìmọ̀ràn wo? Ṣebí ojú màmá yẹn ò ríran dáadáa mọ́? Rán an padà. Fi áyọ́ọ̀nù tẹ̀ ẹ́, ká a dáadáa, fi ojú tó dáa síta. Ó máa wò ó, ó máa ṣàdúrà sí i, ó parí."

Ohun tí Tabitha sì ṣe nìyẹn. Abala mẹ́ta ni abẹ ò tíì kàn nínú méjìlá. Ó tú wẹ́wẹ́ abala mẹ́sàn-án yòókù lára kúbùsù, ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan, ó ń fi abẹ́rẹ́ yọ òwú títí ìka fi ń ta á. Ó rán wọn padà bó ṣe tọ́. Lọ́sàn-án Ọjọ́rú ó ti di odindi. Ó kó o sínú àpò ìrọ̀rí tuntun, abala mẹ́ta tó wà láìfarapa ló fi síta. Ẹni tó bá wò ó, á ní kò sí nǹkan tó ṣe é. Àkànbí bi í léèrè lẹ́ẹ̀mejì pé kí ló dé tí kò jẹun. Ó ní eyín ń dun òun. Bó bá gbọ́ ìró ọkọ̀ níta, á dìde. Ó ń gbàdúrà kí mọ́tò Màmá má tètè dé, ó tún ń bẹ Ọlọ́run pé kó má gbọ́ irú àdúrà bẹ́ẹ̀.

Màmá dé lọ́sàn-án Ọjọ́bọ̀. Àkànbí lọ pàdé rẹ̀ ní gáréèjì, ó mú un délé, ó sì padà síbi iṣẹ́. Tabitha kúnlẹ̀ kí i. Màmá ti rù. Ọ̀pá ló fi ń rìn, bó bá sì gbé ẹsẹ̀ ọ̀tún, ojú rẹ̀ á fún pọ̀. Kò jẹ́ kí wọ́n bu omi fún òun tán.

"Aṣọ mi dà?"

"Màmá, ẹ jẹun ná. Mo ti se ẹ̀kọ..."

"Oúnjẹ ò ní sá lọ. Gbé e wá."

Tabitha gbé e wá. Màmá gbé àpò ìrọ̀rí náà lé itan, ó fọwọ́ pa á lórí bí ẹni tó ń pa ọmọ lórí, ó rẹ́rìn-ín músẹ́. Ẹ̀rín yẹn ni Tabitha ò lè gbà. Ọwọ́ Màmá ti dé ibi okùn tí wọ́n fi dì í.

"Màmá, mo ti gé e."

Ọwọ́ Màmá dúró. "O gé kí ni?"

"Aṣọ yín. Mo gé e wẹ́wẹ́. Mi ò mọ̀ pé òun ni, àárín àwọn aṣọ míì ló wà. Mo ti rán an padà. Ẹ má bínú, Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú." Ó dojú bolẹ̀.

"O ò mọ̀!" Ohùn Màmá ò lọ sókè, ìyẹn gan-an ló sì le. "Èmi mọ̀ ọ́n nínú òkùnkùn láti gbogbo ọdún wọ̀nyí wá, ìwọ tí o ní iná, o ò mọ̀ ọ́n! Ẹni tó bá tilẹ̀ bí ogún ọmọ, bí ọmọ aládùúgbò bá wà láàárín wọn, á mọ̀ ọ́n. Aṣọ rẹ pọ̀ ju ojú rẹ lọ, Ìyá Ayọ̀."

Màmá tú okùn, ó fa aṣọ náà jáde, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi àtàǹpàkò wá ojú ìrán, ọ̀kan lẹ́yìn òmíràn, láìkánjú. Omi ń dà lójú rẹ̀, kò nù ún. "Ọwọ́ Bàbá Àkànbí ló wà lára èyí," ó ní.

"Ìwọ lo rán an padà?"

"Èmi ni, Màmá."

"Iṣẹ́ ọwọ́ rẹ mọ́. Ìyẹn ò ní kí inú má bí mi o. Inú ń bí mi gidi gan-an." Ó gbé ọ̀pá rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́. "Tẹ́ ẹní sílẹ̀."

"Kí lẹ fẹ́ fi ẹní ṣe?"

"Mo fẹ́ mọ̀ bóyá ó ṣì bò mí."

"Háà, Màmá! Ẹ má sọ bẹ́ẹ̀. Ẹ ò ní kú."

"Jẹ́ n gbọ́ràn. Mo ti lé lẹ́ni ọgọ́rin, wọ́n sì fẹ́ là mí ní ìbàdí. Tẹ́ ẹní."

Tabitha tẹ́ ẹní. Ó gbá Màmá mú, ó rọra tẹ́ ẹ sílẹ̀, egungun rẹ̀ fúyẹ́. Màmá na ara tán, ó kó ọwọ́ méjèèjì lé àyà, ó sì wo òkè. Tabitha bò ó láti ọrùn lọ sísàlẹ̀. Ẹnikẹ́ni tó bá ti rán àjákù pọ̀ rí ló mọ ohun tó rí. Gbogbo ojú ìrán ló máa ń jẹ díẹ̀ lára aṣọ, díẹ̀ níhìn-ín, díẹ̀ lọ́hùn-ún, ojú ìrán sì pọ̀ lára aṣọ yìí ju ọgọ́rùn-ún lọ. Abala mẹ́ta tó wà láìfarapa dé ìka ẹsẹ̀. Àwọn mẹ́sàn-án yòókù dúró lókè ọrùn ẹsẹ̀, ẹsẹ̀ Màmá sì wà níta, ó gbẹ, ó sán.

"Ṣé ó dé ẹsẹ̀ mi?"

Màmá ò lè rí i láti ibi tó dùbúlẹ̀ sí. "Bẹ́ẹ̀ ni" péré ni Tabitha ní láti dáhùn. Ta ni yóò sọ fún un? Bí ọjọ́ rẹ̀ bá pé, ta ni yóò jí dìde wá béèrè?

"Kò dé e, Màmá."

"Wá nǹkan fi kún un nígbà náà. Ṣebí aṣọ lo ní nílé."

Ni Tabitha bá sáré wọ yàrá. Ó gbé dàmáskì funfun wá, Màmá fọwọ́ kàn án, ó mi orí. Ó gbé lésì inú ọ̀rá wá, ó gbé àǹkárá, ó gbé fẹ́lífẹ́ẹ̀tì tó ti ń pa mọ́ láti ọdún kẹta. Ó gbé òmíràn, ó gbé òmíràn, òógùn ń bọ́ lójú rẹ̀. Màmá ń fọwọ́ kàn wọ́n, ó ń tì wọ́n sẹ́gbẹ̀ẹ́. Aṣọ ga lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹní, kò sì gba ọ̀kan.

"Èyí tó o ró yẹn ńkọ́?"

Tabitha wo ara rẹ̀. Ìró àdìrẹ ló wà nídìí rẹ̀, èyí tó ti ṣá. "Èyí ti gbó, Màmá. Òun ni mo fi ń dáná, òun ni mo fi ń fọṣọ."

"Gbígbó ni mo ń wá. Èyí mọ ara ènìyàn. Àwọn tó o kó wá wọ̀nyí, ta ló ró wọn rí?"

Tabitha tú ìró nídìí, ó ku òun pẹ̀lú yẹ̀rì láàárín pálọ̀. Ó kúnlẹ̀ síbi ẹsẹ̀ Màmá, ó fi eyín já etí aṣọ náà, ó sì fi ọwọ́ méjèèjì fà á ya.

"Wọ̀n ọ́n dáadáa," ni Màmá wí, ojú rẹ̀ wà ní dídì. "Ẹsẹ̀ mi máa ń tutù."