Ẹ̀rọ Ìfọlẹ̀ Tí Bàbá Dígí Yàn

Ẹni tó bá fẹ́ mọ ìdí tí wọ́n fi ń pe ọkùnrin yìí ní Bàbá Dígí, kó wá wo ilẹ̀ tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ nù tán. Kò sí ibi tó ti ṣiṣẹ́ rí tí àwọn ènìyàn kò ti máa wo ojú ara wọn nínú táìsì. Lójú tirẹ̀, ilẹ̀ tí kò bá tíì dán kò tíì mọ́. Ìyàwó rẹ̀ tilẹ̀ máa ń fi ṣe yẹ̀yẹ́ pé bí òun bá ta òróró sílẹ̀ nílé, òun á kọ́kọ́ sá jáde ná kí òun tó bẹ̀rẹ̀ ẹ̀bẹ̀.

Ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó ló ti ń ṣiṣẹ́, òun sì ni olórí àwọn tó ń tọ́jú ilẹ̀ níbẹ̀. Ilé ilẹ̀ tó gùn gbọọrọ ni. Yàrá wà lápá ọ̀tún, yàrá wà lápá òsì, ọ̀dẹ̀dẹ̀ kan ló la àárín wọn kọjá títí dé yàrá ìjẹun, níbi tí fèrèsé ńlá kan wà tí oòrùn àárọ̀ ń gbà wọlé.

Nínú ọ̀kan lára àwọn yàrá náà ni ìyá tó bí i wà. Màmá ṣubú nílé, egungun ìbàdí rẹ̀ kán. Lẹ́yìn tí àwọn dókítà tò ó tán, wọ́n ní kó wá gbé níbi tí nọ́ọ̀sì á ti máa kọ́ ọ ní ìrìn padà. Nọ́ọ̀sì náà, obìnrin kúkúrú kan tí kì í fi ọ̀rọ̀ falẹ̀, ti bá wọn ṣe àdéhùn: ọjọ́ tí Màmá bá rìn láti ẹnu ọ̀nà yàrá rẹ̀ dé yàrá ìjẹun, tí ẹnikẹ́ni kò dì í mú, ọjọ́ náà ló ń lọ sílé. Màmá kò fẹ́ nǹkan mìíràn láyé. Ọmọ rẹ̀ náà kò fẹ́ nǹkan mìíràn. Wọ́n ti tún yàrá kan ṣe dè é, àwọn ọmọ-ọmọ rẹ̀ sì ti ń jà lórí ẹni tó máa sùn tì í.

Díẹ̀díẹ̀, Màmá ti ń fi ọ̀pá onírin ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin rẹ̀ rìn dé ìdajì ọ̀dẹ̀dẹ̀. Àsìkò yìí gan-an ni mètírónì, ọ̀gá ilé náà, ránṣẹ́ pe Bàbá Dígí.

"A fẹ́ ra ẹ̀rọ ìfọlẹ̀," ni mètírónì wí. "Ẹ ò lè máa tẹ̀ mọ́ mọ́ọ̀pù títí tí ẹ̀yìn yín á fi gan. Ẹni tó ń tà á máa gbé oríṣi méjì wá kẹ́ ẹ dán wọn wò. Èyí tẹ́ ẹ bá mú la máa rà. Ẹ̀yin lẹ máa lò ó, èmi kọ́."

Ọ̀gbẹ́ni tó gbé àwọn ẹ̀rọ náà wá dára lẹ́nu ju ẹ̀rọ tó ń tà lọ. Èkíní ga, ara rẹ̀ ń kọ mànà. Búrọ́ọ̀ṣì roboto kan ń yí bìrìbìrì lábẹ́ rẹ̀. Bó bá fọ ilẹ̀ tán, á fi pólíìṣì kùn ún títí á fi máa tan ìmọ́lẹ̀. Èkejì kúrú, ó sì fẹ̀, ó lúgọ sílẹ̀ bí ẹni tó ń sá fún gbèsè. Ó ń fọ ilẹ̀, ó sì ń fi rọ́bà ẹ̀yìn rẹ̀ fa omi ìdọ̀tí mu lójú ẹsẹ̀, ó parí. Kò mọ ohun tó ń jẹ́ pólíìṣì.

Bàbá Dígí fi ẹsẹ̀ tọ́ka sí èyí tó kúrú. "Èyí ńkọ́? Ó jọ ọ̀pọ̀lọ́."

"Ọ̀pọ̀lọ́ náà ni, sà," ọlọ́jà dá a lóhùn tẹ̀rín-tẹ̀rín. "Ó ń mu omi, kò sì lẹ́wà. Àmọ́ ẹ wo èyí, sà! Arẹwà lèyí. Bó bá fọ ilẹ̀ tán, eṣinṣin tó bá bà síbẹ̀ á yọ̀ ṣubú."

Ohun tí Bàbá Dígí fẹ́ gbọ́ nìyẹn. Ó ti Arẹwà lọ, ó tì í bọ̀, títí gbogbo ọ̀dẹ̀dẹ̀ fi ń dán gbinrin. Orí rẹ̀ wú. Ó sáré lọ pe mètírónì. Mètírónì wo ilẹ̀, ó rí ara rẹ̀ níbẹ̀, ó sì tún kọ́là aṣọ rẹ̀ ṣe.

"Èyí náà ni, mà," ni Bàbá Dígí wí. "Ẹ má wulẹ̀ jẹ́ ká dán ìkejì wò."

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, nọ́ọ̀sì mú Màmá dé ẹnu ọ̀nà yàrá rẹ̀. Màmá di ọ̀pá onírin rẹ̀ mú, ó wo iwájú, ó sì dúró gbagidi.

"Ó yá, Màmá. Ẹ jẹ́ ká kọjá ibi tá a dé lánàá."

"Ó rẹ̀ mí."

"Ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ jí ni, mà!"

"Ó lè rẹ èèyàn láti ojú oorun."

Bó ṣe rí ní gbogbo ọ̀sẹ̀ náà nìyẹn. Màmá á dé ẹnu ọ̀nà, á wo ilẹ̀, á padà sórí bẹ́ẹ̀dì. Káfíńtà àgbà kan tó ń gbé yàrá òdìkejì náà bẹ̀rẹ̀ sí í lẹ̀ mọ́ ògiri rìn bí aláǹgbá, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó kà á sí, nítorí aláwàdà ni tẹ́lẹ̀.

Nígbà tó yá, nọ́ọ̀sì fa Bàbá Dígí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. "Mi ò fẹ́ tàn yín, sà. Ìrìn Màmá ń padà sẹ́yìn. Ẹsẹ̀ tá ò bá fi rìn á gan. Bó bá ń lọ báyìí, mi ò ní lè fi wọ́n sílẹ̀ kí wọ́n máa lọ ilé o."

Ọ̀rọ̀ náà wọ ọkùnrin náà lákínyẹmí ara. Ó wọlé lọ bá ìyá rẹ̀, ó jókòó sí ẹ̀gbẹ́ bẹ́ẹ̀dì.

"Màmá, ṣé ẹsẹ̀ ń dùn yín ni?"

"Rárá."

"Àbí ẹ ò fẹ́ bá wa lọ sílé mọ́?"

Màmá kọjú sí ògiri. "Ọkọ mi, má bi mí ní ìbéèrè ọlọ́pàá."

Ní àárọ̀ ọjọ́ Sátidé, Bàbá Dígí ń nu ẹsẹ̀ ògiri nígbà tó gbọ́ ìró irin lẹ́yìn rẹ̀. Ó bojú wẹ̀yìn. Màmá nìkan ló dá dúró sẹ́nu ọ̀nà. Ó bọ́ bàtà rẹ̀. Ó fa ìró rẹ̀ sókè dé orúnkún, ó kì í bọ ìbàdí. Lẹ́yìn náà, ó na ọmọ-ìka ẹsẹ̀ rẹ̀ síwájú, ó fi kan táìsì fẹ́rẹ́, bí ẹni tó fẹ́ mọ̀ bóyá odò tutù.

"Màmá! Kí lẹ ń ṣe?"

"Wá bá mi mú bàtà mi dání, kó má baà rin."

"Kó má baà rin báwo?"

"Ta ló sọ fún ẹ pé mo mọ̀ bí wọ́n ṣe ń lúwẹ̀ẹ́?" Màmá jágbe mọ́ ọn. "O da omi síwájú yàrá mi, gbogbo yín wá ń rìn lórí ẹ̀ bí ìgbà tí kò sí nǹkan kan. Mo dákẹ́, torí mi ò fẹ́ kí wọ́n ní orí mi ti dàrú. Ìbàdí mi ló kán, ojú mi ò kán. Bí èèyàn bá ń sunkún, á ṣì máa ríran!"

Ẹ̀rín fẹ́ bọ́ lẹ́nu Bàbá Dígí, ṣùgbọ́n ó rí bí ìyá rẹ̀ ṣe rọ̀ mọ́ irin gírígírí, ẹ̀rín náà sì kú. Àga oníkẹ̀kẹ́ Màmá wà nítòsí. Ó jókòó sínú rẹ̀, ó sorí kọ́ bí ìyá rẹ̀ ṣe máa ń sorí kọ́, ó sì dín ojú. Oòrùn gba fèrèsé yàrá ìjẹun wọlé, ó tẹ́ gbalaja sórí pólíìṣì. Kò rí táìsì mọ́. Omi ló rí, omi tó tòrò, tí ẹnìkan kò lè mọ bó ṣe jìn tó. Fèrèsé ńlá náà wà nísàlẹ̀ rẹ̀, bí ìgbà tí ilé kan rì sínú odò.

Ó dìde. "Màmá, ẹ má bínú. Èmi ni mo da omi náà síbẹ̀."

"Mo mọ̀. Ta ni ì bá tún jẹ́?"

Kò rọrùn kí ènìyàn kó ọ̀rọ̀ ara rẹ̀ jẹ, pàápàá níwájú ọ̀gá rẹ̀. Bàbá Dígí fún akísà ọwọ́ rẹ̀ títí kó tó lè ṣàlàyé fún mètírónì.

"Ẹ̀yin lẹ ní ká má wulẹ̀ dán ìkejì wò," ni mètírónì wí. "Mi ò purọ́ mọ́ yín."

"Èmi ni, mà. Dídán ni mo ń wá. Mo gbàgbé ẹni tó ń rìn lórí ẹ̀."

"Àwọn àlejò sì fẹ́ràn ẹ̀ gan-an."

"Àlejò á lọ sílé wọn, mà. Ìyá mi náà fẹ́ lọ."

Mètírónì tún wo ọ̀dẹ̀dẹ̀. "Ẹ ní kí ọlọ́jà gbé Ọ̀pọ̀lọ́ yín wá fi pààrọ̀ ẹ̀. Àmọ́ ẹ má fọwọ́ kan ilẹ̀ ọ́fíìsì mi o. Èmi ò tíì darúgbó."

Pólíìṣì kì í yára ṣí. Bàbá Dígí àti àwọn ènìyàn rẹ̀ da ọṣẹ líle sórí rẹ̀, Ọ̀pọ̀lọ́ ń ha á, ó ń fà á mu, omi tó ń tú jáde nínú rẹ̀ sì funfun bíi mílíìkì. Bí Bàbá Dígí ti ń ṣiṣẹ́ lọ ló ń rí ohun tí kò fẹ́ rí tẹ́lẹ̀. Ẹ̀rọ kúkúrú yìí ń wọ abẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Bátìrì ló ń lò, kò sí wáyà tó lè kọ́ arúgbó lẹ́sẹ̀. Ibi tó bá sì gbà kọjá ti gbẹ kí ènìyàn tó ní òun fẹ́ kọjá.

Nígbà tí wọ́n ṣe tán, ọ̀dẹ̀dẹ̀ náà rí bí ojú ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́jú tí kò tíì fi ìpara pa á. Ó dun Bàbá Dígí díẹ̀, kí á má purọ́. Ó bẹ̀rẹ̀, ó fi áńkáṣíìfù funfun rẹ̀ nu táìsì kan, ó gbé e sókè wò. Funfun ló ṣì wà. Ilẹ̀ náà mọ́, kò kàn dán ni.

Káfíńtà àgbà ló kọ́kọ́ jáde. Ó wo ilẹ̀, ó sì fi ògiri sílẹ̀. "Ẹ ti gbọ́n omi yẹn kúrò? Mo rò pé èmi nìkan ni mò ń rí i!"

Màmá náà jáde. Ó gbé ọ̀pá onírin rẹ̀ síwájú, ó gbé ẹsẹ̀ tẹ̀ lé e. Nọ́ọ̀sì ń bọ̀ lẹ́yìn, ó la ọwọ́ méjèèjì bí ẹni tó fẹ́ mú adìẹ, ṣùgbọ́n kò kàn án. Màmá dé ìdajì, ó dúró. Bàbá Dígí gbé ẹsẹ̀ kan síwájú. Kò sí nǹkan kan: ìró rẹ̀ ló fẹ́ tú, ó ń so ó. Ó tún gbéra, kọ́, kọ́, kọ́, títí irin fi kan ẹnu ọ̀nà yàrá ìjẹun.

"Kò tán!" ni nọ́ọ̀sì ké, omi ti lé ròrò sójú rẹ̀. "Màmá, ẹ ti dé!"

Ọmọ rẹ̀ sáré fa àga fún un. "Ẹ jókòó, Màmá. Kí ni kí wọ́n bù fún yín?"

Màmá wò ó tìyanu-tìyanu.

"Oúnjẹ kẹ̀? Ṣé oúnjẹ ni mo rìn wá jẹ níbí? Lọ di ẹrù mi."