Yẹtí Góòlù Níbi Ìforúkọsílẹ̀ Àwọn Aláìní

Ọdún kejìdínlógún rèé tí Àràmọ́tù ti ń ránṣọ ní àdúgbò Zongo nílùú Parakou. Bó bá wo obìnrin lẹ́ẹ̀kan, ó lè gé búbà rẹ̀ láìwọ̀n ọ́n. Ṣùgbọ́n kò mọ̀wé. Nítorí náà kò lè ṣe ìdánwò ìwé ẹ̀rí aránṣọ, ẹni tí kò bá sì ní ìwé ẹ̀rí kò gbọdọ̀ gba ọmọ iṣẹ́. Àwọn tí kò mọ ìyàtọ̀ láàárín ojú bọ́tìnì àti ọrùn aṣọ ní ìwé náà, wọ́n gbé e kọ́ ara ògiri.

Opó ni, ó sì wà nínú lísìtì àwọn tí ìjọba ń fún lówó ìrànwọ́. Lọ́dún tó kọjá, wọ́n kéde pé àwọn tó wà nínú lísìtì yìí lè wá kọ́ ìwé lọ́fẹ̀ẹ́ ní àdúgbò Ladjifarani. Ààyè ogójì péré, fún odindi Parakou. Ẹni tó ṣírò rẹ̀ mọ̀wé. Ìyẹn ló burú jù níbẹ̀.

Ní Zongo, obìnrin kì í dá múra lọ síbi tó bá ṣe pàtàkì. Agbo ilé ló ń wọ̀ ọ́ láṣọ. Àsánátù, ará ilé rẹ̀, mú léèsì wá, èyí tí Àràmọ́tù fúnra rẹ̀ rán. Ẹnì kan mú bàtà wá, ẹlòmíràn mú báàgì. Àlájà Mọ́nsúrátù tí wọ́n ń pè ní Ìyá Sàrúmì, ìyáálé Àsánátù, bọ́ yẹtí góòlù tó fi ń yan lójú orogún rẹ̀ pé ọkọ àwọn ló rà á fún òun, ó fi í sí Àràmọ́tù létí. Gbogbo wọn sì sìn ín lọ síbi ìforúkọsílẹ̀ bí ìyàwó.

Ọ̀gbẹ́ni Fákúnlé ló wà nídìí tábìlì. Ará Kétu ni, òṣìṣẹ́ ìjọba tí wọ́n ti dá lẹ́kọ̀ọ́ bí a ṣe ń dá aláìní mọ̀. Ó wo Àràmọ́tù láti orí dé ẹsẹ̀, ó ní tálákà lòun ń forúkọ wọn sílẹ̀, kì í ṣe ìyàwó mínísítà. Kó máa lọ, òun yóò sì ní kí wọ́n yọ ọ́ kúrò nínú lísìtì owó ìrànwọ́ pàápàá.

Àràmọ́tù ní àyálò ni gbogbo rẹ̀. Fákúnlé ní kí àwọn tó ni ín wá gbà á lójú òun. Ó rò pé òun ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ ni. Kò mọ̀ pé ẹ̀yìn ilẹ̀kùn ni wọ́n wà.

Wọ́n wọlé. Léèsì bọ́, àńkárá tó ti ṣá ló wà lábẹ́ rẹ̀. Bàtà bọ́. Báàgì lọ, òun àti bébà tí wọ́n kì sí i nínú kó lè yọkùn.

Ó ku yẹtí. Fákúnlé ní ẹni tó bá lè rí góòlù yá ti lẹ́ni tó lè gbára lé, òfin kò sì gba irú wọn. Mo ti ka òfin náà. Kò sí ohun tó jọ bẹ́ẹ̀ níbẹ̀.

Gbogbo wọn wo Àlájà. Àlájà ń wo ilẹ̀.

"Kì í ṣe góòlù," ló wí.

Fákúnlé ní kó tún un sọ.

"Bàbà ni, ọ̀gá. Ọjà Málànvílù ni mo ti fọwọ́ ara mi rà á. Ẹ fi ọṣẹ fọ̀ ọ́, ẹ ó rí i."

Àsánátù yíjú sí ìyáálé rẹ̀.

"Ọdún mẹ́sàn-án, Ìyá Sàrúmì. Ọdún mẹ́sàn-án ni mo fi ń bá ọkọ wa yan odì nítorí bàbà."

"Jẹ́ kí wọ́n kọ orúkọ ná," ni Àlájà dá a lóhùn. "Ká jáde ká tó jà."

Fákúnlé kọ orúkọ. Ó ní kí Àràmọ́tù fọwọ́ síwèé, Àràmọ́tù sì tẹ àtàǹpàkò. Fákúnlé ní òun kò ní gba àtàǹpàkò lọ́wọ́ rẹ̀ mọ́ lẹ́yìn èyí. Ó sọ ọ́ bí ẹni ń halẹ̀.

Ọjọ́ náà gan-an ni ẹ̀kọ́ bẹ̀rẹ̀. Àràmọ́tù wọ kíláàsì láìwọ bàtà, ó jókòó sí iwájú pátápátá. Olùkọ́ kọ lẹ́tà àkọ́kọ́ sójú pátákó. Lóde, ohùn àwọn orogún méjèèjì ti ń ga.

Àràmọ́tù dìde, ó ti fèrèsé.